Ìkẹ́dùn Ikú Olùkọ́ Agnes Májẹ́kódùnmí, Ẹni Tó Fi Ìyìn Kọ́ Ọmọ

Sí ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí Májẹ́kódùnmí, ní Oǹdó,

Pẹ̀lú ọkàn tí kò tíì rí ibi balẹ̀ sí ni àwa òṣìṣẹ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Orísun-Ìrètí, Àkúrẹ́, fi ń kọ̀wé yìí lórí ikú Olùkọ́ Agnes, tí àìsàn ọjọ́ mẹ́ta mú lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Títí di òní, bí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ bá dún, gbogbo wa ló ń wò ó.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi bá wa ṣiṣẹ́. Kíláàsì tí gbogbo wa ń sá fún ni wọ́n fẹnu ara wọn bèèrè: ti àwọn ọmọ tí ẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó ti ìwé.

A kò lè gbàgbé ti Yétúndé, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, tí ìyá rẹ̀ kú ní ìṣojú rẹ̀. Ó ń géni jẹ, ó ń ya ìwé, abẹ́ tábìlì ló ń gbé. Ẹgba kò ràn án. A ti kọ lẹ́tà pé kí bàbá rẹ̀ wá mú un lọ, àfi bí Màmá Agnes ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ní, "Ẹ ti ka àṣìṣe rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n ka èyí tó ṣe dáadáa."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí àyípadà. Wọ́n jẹ́wọ́ fún èmi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé ẹ̀rù ń ba àwọn: bí èyí bá kùnà, àwọn ló tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Lọ́jọ́ kan, Yétúndé jókòó sórí àga níwọ̀n ìgbà tí wọ́n fi kọ déètì sójú pátákó. Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tì í.

"Yétúndé, o jókòó títí mo fi kọ̀wé tán. Mo rí ọ. O káre, ọmọ mi."

Wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀kì kó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà kan sójú pátákó fún èyí tó ṣe dáadáa náà. Lọ́jọ́ kejì ó fa méjì. Kí ọ̀sẹ̀ kẹfà tó pé, ó ti ka odidi ojú ìwé kan sókè, èmi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì ya lẹ́tà náà níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

Kíláàsì náà kò ní tì. Olùkọ́ Adélaní àti Olùkọ́ Olúrántí ti gbà á, wọn kò sì ní mú ẹgba wọ ibẹ̀. A ó wà lọ́dọ̀ yín ní Oǹdó lọ́jọ́ ìsìnkú. Nígbà tí a ṣì ń wá ohun tí a ó sọ fún Yétúndé, òun ló wá bá wa: ó ní kí a bá òun bẹ̀ yín, òun fẹ́ ka Sáàmù kan fún Màmá níwájú ìjọ.

Kí Ọlọ́run tó mọ ibi tó ń dùn yín wá bá yín jókòó, kó fọwọ́ tọ́ ọkàn yín, kó má sì jẹ́ kí ilé yín dákẹ́ jù.

Bísọ́dún Akíntóyè (Ìyáàfin),
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́, lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́