Olójúkan Ti Padà Sójú Ogun

Ọdún márùn-ún pé lónìí tí irin balẹ̀ lórí rẹ, àbúrò mi. Ọdún márùn-ún! Òjò ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó ń jó irin ládùúgbò wa, ọkọ̀ ti tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ bí mo bá ń kọjá, mo ṣì máa ń yà fún un bí ẹni pé ilẹ̀ náà tutù.

Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn ariwo. Fara dà á fún mi. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni mò ń sọ̀rọ̀, o sì mọ̀ pé bí mo bá ti lanu, ó di ìgbà tó bá rẹ̀ mí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Ilé tí o fi sílẹ̀ lórí lẹ́ńtẹ́lì ti ní òrùlé, inú rẹ̀ la sì ń gbé. Ìyàwó rẹ ò ti ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń kọ pátákó pa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ báyìí, lẹ́tà rẹ̀ sì tọ́ ju tìrẹ lọ. Má bínú, òótọ́ ni. Ọmọ rẹ obìnrin ti ga jù mí lọ, ó sì ti ń wọ bàtà mi láìtọrọ.

Yàrá ẹ̀yìn nìkan la ò fọwọ́ kàn. Tábìlì rẹ ṣì wà níbẹ̀, àti ìgò ọ̀dà, àti àwọn búrọ́ọ̀ṣì tí irun wọn ò nípọn ju irun ìpéǹpéjú lọ, àti àwọn ọmọ ogun ọmọlángidi rẹ tí kò sí èyí tó ga ju àtàǹpàkò lọ.

Ṣé o rántí bí ogun yẹn ṣe máa ń le? Ìwọ ní àwọn aràrá aláàáké, àbíkẹ́yìn wa ní àwọn iwin aléyínwọ̀. Ẹ ó fi téèpù wọn ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ogun lè dé, ẹ ó da dáìsì, dáìsì ni yóò sì sọ orí ẹni tó máa fò. Orí a fò lóòótọ́! Apá a já! Ìwọ a máa fi ẹnu ròyìn bí ìfun ṣe ń tú, lórí tábìlì tí èèyàn fẹ́ jẹun. Màmá wa a ké láti ìdáná pé, "Ta lẹ tún ń pa níbẹ̀ yẹn?" Ẹ̀yin méjèèjì a sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Aràrá ni, màmá."

Àbíkẹ́yìn wa ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí o ṣe òfin fún un. Ọwọ́ rẹ̀ le. Bó bá ti pa ọmọ ogun rẹ kan, yóò jù ú sílẹ̀, ọ̀dà yóò bó. Ìwọ wá ní: ẹni tó bá pa á ni yóò tún un ṣe. Kí ó mú un lọ, kí ó tún un kùn, kí ó tún pèpéle tó dúró lé ṣe, pèpéle tí kò fẹ̀ ju owó ẹyọ lọ, kí ó da iyanrìn lé gúlúù lórí rẹ̀, kí ó lẹ koríko gbígbẹ mọ́ ọn. Bó bá parí, kí ó yí i dojú dé, kí ó kọ ọ́ sábẹ́ pé òun ni òun pa á, òun náà ni òun tún un ṣe. Bí kò bá sí ìkọ̀wé yẹn lábẹ́ rẹ̀, ọmọ ogun náà ò gbọ́dọ̀ padà sójú ogun.

Abẹ́ àwọn ọmọ ogun yẹn ti di ìwé ìtàn ilé wa. Abẹ́ ti Olójúkan, balógun rẹ, nìkan ló mọ́. Òjé ni wọ́n fi rọ ọ́, àwọn yòókù sì jẹ́ rọ́bà. Ẹ̀yìn àwọn yòókù ló dé; ọdún mẹ́jọ ló fi jagun, kò sí iwin tó rí i pa.

Ìyẹn ló mú wa dé òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti ń yẹra fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, àbí o ò rí i?

Olójúkan ti pa iwin mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìwọ sì ń fi àbíkẹ́yìn ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìṣe rẹ. Inú bí i. Ó gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè, ó sì já a lé Olójúkan lórí. Ẹsẹ̀ kan kán. Ọwọ́ àáké yẹ̀ dànù sábẹ́ àga. O wo tábìlì, o wo ojú rẹ̀, o ò pariwo. O ní, "O ti pa á. Ó yá, o máa tún un ṣe."

Ó ní, "Mi ò tún nǹkan kan ṣe. Kú sórí ọmọlángidi rẹ."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà kò tíì lù tí wẹ́dà àti awakọ̀ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní títì nítorí géètì tí ọkọ̀ kọlù. Wọ́n ń lu ara wọn bí ẹni ń lu aṣọ òfì. Ìwọ tí o ń kọ pátákó lọ́wọ́ lódìkejì, o sọ búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, o lọ là wọ́n. Wọ́n ní onílàjà ló ń forí gbọgbẹ́. Ọ̀pá irin tí wẹ́dà jù sí awakọ̀, ẹ̀yìn orí rẹ ló gbà á. O ò tilẹ̀ sọ gbólóhùn kan kí o tó kú. Ọ̀dà pupa ṣì wà ní ìka rẹ nígbà tí wọ́n gbé ọ délé, a ò sì mọ èyí tó jẹ́ ọ̀dà àti èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Ilé ẹjọ́ ní wẹ́dà ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni wọ́n fún un. Wẹ́dà ló lọ sẹ́wọ̀n, àbíkẹ́yìn wa ló sì ń ṣe é nílé.

Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu òun lówùúrọ̀ ló gbé irin yẹn lọ́sàn-án. Ó di oníjà! Ó fọ́ eyín kápẹ́ńtà tó gbà á síṣẹ́. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ dá ihò sí ilẹ̀kùn ilé tuntun, kàlẹ́ńdà la fi bò ó títí di òní. Ó kó Olójúkan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ sínú agolo, ó sì ń mú agolo náà kiri. Kò tún un ṣe, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i.

Èmi náà ń da epo sí iná. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ, ìwọ náà kúkú ti mọ̀ mí. Èmi ni mo sọ fún un pé bí wẹ́dà bá jáde, tó sì ń rìn fìrífìrí lójú títì, kó má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Wẹ́dà jáde. Ọjọ́ kẹta ni àbíkẹ́yìn wa wá ọ̀pá irin kan tó nípọn, ó lọ bá a lọ́sàn-án gangan. Ọkùnrin náà ń fi fáìlì ha férèsé onírin. Kò sá. Ó kàn fi ọwọ́ bo orí. Irin àkọ́kọ́ balẹ̀ lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, egungun dún pọ́! Ọwọ́ tẹ̀ síbi tí Ọlọ́run ò dá a sí. Ọkùnrin náà wólẹ̀, ó ń mí bí ẹran tí wọ́n dè. Àbíkẹ́yìn gbé irin kejì sókè, orí ló wò báyìí, ẹ̀yìn orí gan-an.

Ó ní òun ò mọ ìgbà tí ẹnu òun sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀: "Ẹni tó bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe."

Irin já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ tó kán yẹn, gẹ́gẹ́ bí ìwọ ṣe wo tábìlì lọ́jọ́sí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé wẹ́dà pọ̀n! Ó pọ̀n ọ́n la àárín ìgboro kọjá títí dé ilé ìwòsàn, ó sì ń ṣépè fún un ní gbogbo ọ̀nà. Gbogbo èpè tó mọ̀ ló rọ̀jò rẹ̀ lé e lórí, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì bi í pé ta ló ṣe irú èyí. Ó ní, "Èmi ni."

Nọ́ọ̀sì ní, "Kí lẹ wá ń pọ̀n ọ́n kiri fún?"

Ó ní, "Ní ilé wa, ẹni tó bà á jẹ́ ló máa tún un ṣe."

Nọ́ọ̀sì wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Wẹ́dà ló gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, máàmi. Irin ló já lù mí." Bẹ́ẹ̀ ló sì sọ fún gbogbo ẹni tó bi í.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi ò dùn! Nígbà tí mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn wa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn láràárọ̀, pé òun ló ń di irin mú fún ẹni tó pa ọ́ nítorí pé ọwọ́ onítọ̀hún ò tíì jinná, mo da oúnjẹ rẹ̀ nù. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Màmá wa náà kọ̀ láti gbọ́ orúkọ wẹ́dà, kò sì tíì gbà títí di òní. A ò sì ní bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì líle kúrò lọ́wọ́ wẹ́dà, tí ó ká ìka rẹ̀ tí ó sì tún nà án, àbíkẹ́yìn wa wálé, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ṣí agolo.

Ó lu ihò tóóró sí ẹsẹ̀ Olójúkan, ó fi wáyà tín-ínrín so ó pọ̀, ó fi gúlúù dì í. Ó so ọwọ́ àáké mọ́ èjìká. Ó fi ọ̀dà funfun bò ó látòkèdélẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá kun irùngbọ̀n, kun ẹ̀wù onírin, kun ojú kan ṣoṣo yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu àáké, bí o ṣe kọ́ ọ ló ṣe é: ẹ̀jẹ̀ òní pupa, ẹ̀jẹ̀ àná dà bí ìpẹtà. Ó lọ bu iyanrìn níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, níbi tí o ṣubú sí gan-an, ó fi asẹ́ tíì jọ̀ ọ́, ó dà á sórí pèpéle.

Ó wá kù kó fi fáníìṣì bò ó, kí ọ̀dà má baà bó mọ́. Òjò sì ń rọ̀! Ẹ̀ẹ̀melòó ni o sọ fún un, láti kékeré, pé a kì í fín fáníìṣì lójò, pé ọ̀rinrin ló ń sọ ọ́ di funfun? Ara rẹ̀ ò gbà á, ó fín in. Kí ó tó ka ogún, Olójúkan ti funfun láti orí dé ẹsẹ̀, bí ojú tí awọ bò. Ó fi omi tó ń bó ọ̀dà fọ̀ ọ́, ó tún un kùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Òjò ò dá, òun náà ò ní sùúrù, ó tún fín in. Ó tún funfun.

Igbe ló pè mí wọ yàrá yẹn. Ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún dín kan, tó ń fọ́ eyín èèyàn, ó dojú bo tábìlì rẹ, ó ń ké bí ọmọ ọwọ́ pé òun ti tún pa á. "Mo tún ti pa á, mo tún ti pa á." Mi ò ní irọ́ láti pa fún ọ, ọkàn mi ló kọ́kọ́ fọ́ kí ẹnu mi tó là. Mo lọ gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun mi wá. Mo ní, "Sún síbẹ̀, ọ̀dàlẹ̀. Fọ̀ ọ́, kí o tún un kùn. Èmi ni mo máa gbẹ afẹ́fẹ́ yàrá yìí." Ó kùn ún nígbà kẹta, mo fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná títí ọwọ́ fi ń ro mí. Fáníìṣì gbẹ, ó mọ́ gaara.

Lónìí, a tẹ́ tábìlì rẹ. Ìyàwó rẹ ló darí àwọn aràrá. Bẹ́ẹ̀ ni, òun tó ń bi ọ́ nígbà kan pé ọjọ́ wo lo máa dàgbà! Àbúrò mi, ìkà lo fẹ́! Ó ní kí Olójúkan kọ́kọ́ gé ẹsẹ̀ iwin ńlá nì, kó má baà rí ibi sá sí, kó tó wá gé orí. Dáìsì mú mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa iwin mẹ́ta, ó fọ́ agbárí ìkẹrin, ẹ̀rù bà mí níbi tí mo jókòó sí. Màmá wa ké láti ìdáná pé, "Ta lẹ tún ń pa?" Ọdún márùn-ún ló ti bi wá kẹ́yìn. Ọmọ rẹ ló wá dá a lóhùn pé iwin ni, màmá àgbà.

Nígbà tó parí, àbíkẹ́yìn fẹ́ kó òkú rẹ̀ jọ. Ìyàwó rẹ na ọwọ́ sí i, ó ní, "Kó wọn wá. Èmi ni mo pa wọ́n." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá búrọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó pa ọ́ ò lè tún ọ ṣe. Ó mọ̀, a mọ̀. Kò sí wáyà tó lè so ọ́ pọ̀, kò sí ọ̀dà tó lè kun ojú rẹ padà. Gbogbo ẹni tó kú lórí tábìlì yìí ló ń jí, ìwọ nìkan ni a ò rí jí, ó sì ń dùn wá, ó ń dùn wá gan-an!

Mo yí Olójúkan dojú dé kí n tó dá a padà sí àyè rẹ̀. Abẹ́ pèpéle tó mọ́ lọ́dún mẹ́jọ ti ní ìkọ̀wé. Lẹ́tà rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wọ gíláàsì tí mo fi ń ránṣọ kí n tó rí i kà: "Èmi ni mo pa á. Èmi ni mo tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kú sórí ọ̀rọ̀ mi."