Fọ́tò Ẹ̀yin àti Táyé

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Mo kí yín láti ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgbówó. Iṣẹ́ tí ẹ máa ń pè ní iṣẹ́ àtíkè yẹn náà ni mo ṣì ń ṣe. Àwọn ènìyàn ń gbé fọ́tò wá, èmi á fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di àwòrán bí ẹni pé ayàwòrán kan fi ọ̀dà kùn ún díẹ̀díẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ọmọ tó gboyè, fọ́tò òkú. Ti òkú ló pọ̀ jù. N kì í ronú nípa wọn. Mo máa ń nu àbàwọ́n kúrò, mo máa ń yan búrọ́ọ̀ṣì tó bá yẹ lórí kọ̀ǹpútà, màá sì tẹ̀ ẹ́.

Tiyín náà ti wá délẹ̀. Àǹtí Ìdòwú, àbúrò yín, ni wọ́n gbé e wá láti Bódìjà, tí wọ́n fi ìborùn wé e bí ọmọ tuntun. Ìrántí ọdún kan yín ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí n sọ fọ́tò ìgbà èwe yín di àwòrán ńlá tí a ó gbé kọ́ sí pálọ̀, níbi tí gbogbo ẹbí yóò ti rí i. Ẹ mọ fọ́tò náà: ẹ̀yin àti Táyé, ìkejì yín tó kú ní kékeré, lórí bẹ́ǹṣì, nínú ẹ̀wù funfun. Kò sí fọ́tò Táyé mìíràn láyé.

Láràárọ̀, kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì yín ní Dùgbẹ̀, ẹ máa ń dúró níwájú fọ́tò náà, ẹ ó tún kọ́là ẹ̀wù yín ṣe bí ẹni tó ń wo dígí. Bírò méjì ló máa ń wà ní àpò àyà yín, ọ̀kan tiyín, ọ̀kan ti Táyé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ yá èkejì. Ẹ máa ń fi ìka tọ́ka sí ọmọ tó wà lápá òsì fún mi. Ẹ ní òun ni Táyé, pé kí n wo ẹnu rẹ̀, pé ó ń bínú sí afọ́tò nítorí ó fẹ́ lọ ṣeré.

Mo fẹ fọ́tò náà lójú lórí kọ̀ǹpútà kí n lè nù ún. Ẹ̀kọ kán sí àyà ẹ̀wù yín, lábẹ́ bọ́tìnnì kejì, ó rí bí ewé kékeré. Mo nù ún. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Táyé, ẹ̀kọ wà níbẹ̀, lábẹ́ bọ́tìnnì kejì, ó rí bí ewé kékeré. Mo ti ṣe fọ́tò ìbejì púpọ̀, Bàbá. Ìbejì a máa wọ aṣọ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ kì í kán sí wọn láyà bákan náà. Mo gé ojú ọmọ ọ̀tún, mo gbé e lé ti òsì. Wọ́n bára mu rẹ́gí. Láàárín bẹ́ǹṣì, mo wá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí afọ́tò ti lẹ ìdajì méjì pọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yin nìkan ni.

Mo pe Àǹtí Ìdòwú. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ wá, wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọn ò tilẹ̀ jókòó.

“Ohun tó o torí ẹ̀ pè mí láti Bódìjà nìyí? Mo ṣebí o ti ba fọ́tò wa jẹ́ ni.”

“Àǹtí, ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Ìyá wa ló sọ fún mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn nìyẹn. Táyé ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò kankan. Wọ́n mú bọ̀ọ̀dá mi lọ, afọ́tò sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá wa ò fẹ́ kí bọ̀ọ̀dá dá jókòó.”

“Bàbá mi ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?”

Wọ́n tú ìborùn, wọ́n tún wé e. “Wọ́n kéré nígbà náà. Èmi ò tíì dáyé. Mi ò sì bi wọ́n rí.”

Mo sọ fún wọn pé bí àwòrán náà bá tóbi, gbogbo ẹni tó bá wá síbi ìrántí ni yóò rí ohun tí fọ́tò kékeré fi pa mọ́. Mo ní mo lè yí ojú Táyé padà díẹ̀, kí n fẹ imú rẹ̀, kí n tún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe.

“Ojú ta lo fẹ́ fún un?”

“Ojú tó jọ ti Bàbá, àmọ́ tí kì í ṣe ti Bàbá.”

“Àlejò nìyẹn. Ayàwòrán ńlá, o kú iṣẹ́ o! O ò mọ̀ ọ́n, èmi ò mọ̀ ọ́n, o fẹ́ lọ gbé àlejò jókòó ti bọ̀ọ̀dá mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ṣì gbìyànjú rẹ̀. Mo ya ojú kan, mo pa á rẹ́. Mo ya òmíràn. Ọmọ tó rẹwà ni, irú èyí tí oníbàárà á sanwó fún láìjiyàn. N kò mọ̀ ọ́n rí. Mo pa òun náà rẹ́.

Ta ni ẹ ń wò láràárọ̀, Bàbá? Bí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ fi ń sọ ìtàn ẹnu rẹ̀ fún mi? Bí ẹ kò bá mọ̀, ṣé ó dára kí n mọ ohun tí ẹ̀yin kò mọ̀?

Mo dá ẹ̀kọ padà sí àyà ẹ̀wù yín, mo sì fi ti Táyé sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo yan búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, mo sì fi ọ̀dà kan náà kun ojú méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ìyá yín ṣe fẹ́. Àwòrán náà ti wà lára ògiri pálọ̀ báyìí. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti lọ bá a. Nínú gbogbo wa, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ojú rẹ̀ lónìí. Ṣé ó jọ yín?

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.