Àgádágodo Ẹnubodè Ẹ̀yìn Adágún

Ilé Kejìdínlógún,
Òpópónà Àwọn Aránṣọ.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ọgbà Ìgbafẹ́ Ìlú,
Òpópónà Ilé Ìwòsàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸNUBODÈ TÓ WÀ NÍ TÍTÌ LỌ́JỌ́ TÍ ÌYÀWÓ MI KÚ

1. Aránṣọ ni mí. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni èmi àti ìyàwó mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi gbé pọ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ kò jẹ́ kí n mú un dé ọgbà yín rí. Ní Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá, mo ti ṣọ́ọ̀bù, a sì lọ.

2. A wo àwọn ọ̀bọ. A wo àgùnfọn; ó ní ọrùn rẹ̀ jọ ti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ òun àtijọ́, tó máa ń yọjú lójú fèrèsé láti mọ tíṣà tó ń sùn. A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni a wọ ọkọ̀ ojú omi lórí adágún. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀ ni ó di àyà mú, tó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

3. Ẹnubodè ẹ̀yìn adágún kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí ibẹ̀. Láti àárín irin rẹ̀ ni mo ti ń wo pátákó ilé ìwòsàn ní òdìkejì títì. Àgádágodo ni mo bá lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ọwọ́ ọ̀gá ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọ̀gá sì ti lọ jẹun." Mo bẹ̀ ẹ́ kó fọ́ ọ. Ó ní bí òun bá fọ́ ọ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn.

4. Èmi àti atukọ̀ la gbé e yí ọgbà náà ká lọ sí ẹnubodè ńlá. Àgbà ti dé sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ pé ká gbé e kalẹ̀ kí n lè mí. Nígbà kẹta, ìyàwó mi ní, "Ẹ rọra, Bàbá, ẹ má ṣe ara yín léṣe." Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé ká ní a fi ogún ìṣẹ́jú tètè dé ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

5. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí, lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnubodè náà wà ní ṣíṣí, pé "ẹbí olóògbé ló falẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ọmọbìnrin wa kà á, ó sì bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ falẹ̀ ni?" Atukọ̀ ti buwọ́ lùwé ẹ̀rí, mo sì ti so ó mọ́ èyí. Ẹ̀ṣọ́ kò fẹ́ buwọ́ lù ú. N kò dá a lẹ́bi. Òun náà ní ọmọ tó ń tọ́.

6. Gbà-máà-bínú kọ́ ni mo ń béèrè. Mo ń bẹ̀ yín kí àgádágodo kúrò níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí èrò bá wà nínú ọgbà. Mo lọ wò ó lánàá. Àwọn ọmọdé kún etí adágún bámúbámú, ẹnubodè náà sì ṣì wà ní títì. Mo tún bẹ̀ yín kí ẹ kọ lẹ́tà mìíràn tí yóò sọ òtítọ́. Ẹ má kọ ọ́ sí èmi. Ọmọbìnrin wa ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ,
ọkọ olóògbé.