Àdín Tí Mo Fi Pa Ìrù Alájì

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún, 2025
Àbẹ̀kẹ́ mi pè láti Jámánì — Kabirat, ọmọ Saheed ọmọ mi. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti rí i gbẹ̀yìn. Ó ní òun ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn bí ìgbì omi, kí àwòrán inú rẹ̀ lè jọ ohun tí ojú ń rí. Ó fẹ́ fídíò ìrù Alájì, àkùkọ tí mo ń tọ́jú de ìpadàbọ̀ rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá yọrí, ọ̀gá rẹ̀ á fún un láyè wá ṣe Iléyá ní Ìjerò.
Iléyá! Mo tún un kọ kó lè dá mi lójú. Iléyá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6
A ti ya fídíò. Èmi gbé Alájì, Ẹ̀yínadé ọ̀rẹ́ mi di fóònù mú. Mo kọ́kọ́ fi àdín àgbọn pa ìrù náà dáadáa. Ọmọ ẹni kì í lọ síta kí ara rẹ̀ funfun. Ìyá rẹ̀ ni wọn ó bú. Ẹ̀yínadé ní, "Ìyá Saheed, ṣé ọ̀dọ̀ ìyàwó ni àkùkọ yìí ń lọ ni?" Mo ní kó panu mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Mo bi Àbẹ̀kẹ́ pé aró wo ni Ọlọ́run fi kun ìrù àkùkọ. Ó ní kò sí aró níbẹ̀. Ó ní kí n bu omi sí bàsíà, kí n sọ òkúta méjì sí i. Ìgbì méjì pàdé — níbì kan wọ́n gbé ara wọn ga, níbòmíràn wọ́n pa ara wọn rẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe lára ìyẹ́, àwọ̀ tó bá ga ni à ń rí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20
Wàhálà. Ìrù inú kọ̀ǹpútà ń tàn, ti inú fídíò ṣú. Ọ̀gá ní ìṣirò Àbẹ̀kẹ́ kò tọ̀nà. Ọmọ mi ní, "Màmá, n kò mọ ibi tí mo ti ṣì í."

Ọjọ́rú, 21
Àdín yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 22
Mo lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà. Tíṣà Matthew béèrè ọmọ mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà níran. Èmi ni mo fi í yangàn fún gbogbo kíláàsì.
Mo sọ ti àdín náà fún Ẹ̀yínadé. Ó ní, "Ṣé torí pé ojú ń tì ọ́ ni ọmọ kò fi ní wá ulé?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24
Mo jẹ́wọ́ fún Àbẹ̀kẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì sunkún díẹ̀. "Màmá, ẹ pa àkùkọ lóróró!" Ó ní àdín náà di awọ mìíràn lórí ìyẹ́, ó da ìgbì rú. Ìṣirò òun tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀.
A fi ọṣẹ wẹ Alájì. Ó ya mí lọ́wọ́. Ó tọ́ sí mi. Nígbà tó gbẹ, a tún fídíò yà.

Ọjọ́bọ̀, 29
Ìrù inú kọ̀ǹpútà bá ti fídíò tuntun mu. Ọ̀gá gbà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti gba àyè ìsinmi náà. Ó di oṣù Kejìlá. Ọmọ mi fi ọjọ́ rẹ̀ wá àṣìṣe tí kò ṣe — èmi ni mo ṣe é.
Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, 6 oṣù Kẹfà
Iléyá. Saheed pa àgbò. Wọ́n ní ká pa Alájì mọ́ ọn; mo ní ti Àbẹ̀kẹ́ ni.
Ó fi àwòrán inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́. Ìrù nìkan, kò sí ara, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn tí kì í ṣe oòrùn. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, dúdú. Mo fọwọ́ kan ojú fóònù. Ó tutù.
Ọ̀rá ẹran wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jáde lọ fọwọ́ kan Alájì.