Má Palẹ̀ Géèmù Mọ́mì Mọ́

Ládé, mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Mile 12. Aunty Hàlímátù ń bá wa jókòó ti Mọ́mì títí wàá fi dé. Ìrẹsì wà nínú kúlà. Má palẹ̀ géèmù tó wà lórí tábìlì mọ́ o.

Láàárọ̀ yìí, mo ní kí Mọ́mì wá ká ta díẹ̀. O mọ̀ pé látìgbà tí àwa mẹ́ta ti jọ ń rin ilẹ̀ iwin inú géèmù yẹn kiri, àwọn ni oníṣègùn wa tí dírágónì bá ṣe wá léṣe. Wọ́n gbé ọmọ géèmù wọn, ère kékeré tó dúró fún wọn, wọ́n wò ó títí.

"Ta ló ni bèbí yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì."

"Ẹ ṣeun, ma. Ẹ bá mi kí mọ́mì yín."

Mo wọ yàrá lọ sunkún. Dókítà ti sọ pé èyí tó bá ti lọ nínú iyè wọn ò ní padà. Èmi ni mò ń tan ara mi pé géèmù á dá àìsàn yìí dúró. Má bínú pé mo jágbe mọ́ ẹ lánàá nígbà tó o ní wọn ò mọ̀ wá mọ́.

Tí wọ́n bá fẹ́ ta, jẹ́ kí wọ́n máa gbé bèbí wọn síbi tó bá wù wọ́n.

Tó o bá ń wọlé, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́ dárúkọ ara ẹ, kí ẹ̀rù má bà wọ́n.

Rẹ̀mí