Ìyá Òṣùwọ̀n Wá Yẹ Ìwé Mi Wò

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdù

Fíríìjì pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní ọjọ́ wo ni wọ́n bí mi gan-an — ọjọ́, oṣù, ọdún. Mo ní kí ló dé? Ó ní ìyá òun ló ń bèèrè, ó fẹ́ fi gbàdúrà fún mi. Ó tún ní kí n fi orúkọ bàbá mi kún un. Àdúrà tó gba orúkọ bàbá, àdúrà ńlá nìyẹn. Inú mi dùn.

(Mi ò ní yé pè é ní Fíríìjì. Ohun tó ń tún ṣe níbi iṣẹ́ nìyẹn, ìwà rẹ̀ náà sì ni: kò sí ọ̀rọ̀ tó ń gbóná lára àfẹ́sọ́nà mi.)

Ìyá rẹ̀ ti wọ ìlú yìí láti àná. Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa fojú kan ara wa nílé Fíríìjì. Kò rí mi rí, àfi nínú àwòrán kan tí mo ti kun àtíkè, tí mo dé irun àtọwọ́dá, tí èmi fúnra mi ò dá ara mi mọ̀.

Níbi iṣẹ́ mi ní ilé ẹjọ́: bàbá kan fẹ́ mọ̀ bóyá ajá aládùúgbò òun ti jẹ̀bi rí nílé ẹjọ́. Mo ní bàbá, èèyàn nìkan là ń kọ síbí. Ó ní ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Òkúdù

Yéè! Mo gbé.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn wíńdò mi ní yàrá ìwé ilé ẹjọ́, mo fi ìbòmú bo imú àti ẹnu torí eruku, bí mo ti ń ṣe lójoojúmọ́. Màmá kan wọlé, gíláàsì lójú, báàgì lápá, bírò tirẹ̀ lọ́wọ́. Kó tó kàn án, ó ti tún ìlà tò. Ó ní kí ọkùnrin tó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ẹlòmíì padà sẹ́yìn. Ó padà! Ọ̀gá mi ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọdún mẹ́fà, wọn ò gbọ́.

Màmá ní òun ti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn yẹn ní àfi kí ẹni tí wọ́n ń wá ìwé rẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá tẹ̀ka. Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí ìyàwó ọmọ mi wá tẹ̀ka? Ṣé ìbò là ń dì ni?" Ni wọ́n bá júwe ọ̀dọ̀ wa.

Mo ṣàlàyé bí mo ti ń ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn. Ìwé ẹjọ́ tí wọ́n ti dá kì í ṣe àṣírí. Ẹni tó bá mọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí, tó kọ ìdí tó fi ń wá a, tó sì fọwọ́ sí i, a ó bá a wo páálí inú dúrọ́ọ̀, a ó kọ ohun tá a bá rí, a ó lẹ̀ ẹ́ sínú àpòòwé fún un. Ọjọ́ iṣẹ́ méje. A kì í sọ fún ẹni tí wọ́n ń wá pé wọ́n ń wá a.

Ó kọ fọ́ọ̀mù. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Mo gbà á, mo kà á.

Orúkọ mi. Orúkọ bàbá mi. Ọjọ́ ìbí mi — èyí tó wà fún àdúrà!

Ìdí: "Ọmọ mi fẹ́ gbé e níyàwó. N kò tíì rí i."

Ikọ́ gbé mi. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, eruku yìí á pa yín o." Mo kọ "a ti gbà á" sí i lórí. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Ọjọ́rú, 5 Òkúdù

Mi ò jẹun láti àná. Èmi yìí kẹ̀!

Ọjọ́bọ̀, 6 Òkúdù

Mo lọ wo dúrọ́ọ̀, bí ẹni tí ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Páálí mi jókòó jẹ́jẹ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Òṣìṣẹ́ káńsù wá yọ pátákó ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, ó ní ó yọ jù sójú títì. Ìyá mi ń bẹ̀ ẹ́, ó ti ìyá mi. Mo gé e jẹ lọ́rùn ọwọ́. Ohun tí wọ́n kọ rèé: "Ìkọlù sí òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu iṣẹ́, nípa fífi eyín gé e jẹ. Ojú eyín méje. Ó jẹ̀bi. Ìyà: gbígbá ọgbà ilé ẹjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Méje! Dókítà ló kà á. Irọ́ ni, mẹ́jọ ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mò ń gbálẹ̀ ni òjò lé mi wọ yàrá ìwé. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ (òun nìkan ló ń tẹ òǹtẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa ẹ̀fọn) ní dípò kí n dúró kí n kúkú bá òun to páálí. Mò ń tò ó dòní. Òun nìkan ló mọ̀ níbí.

Fíríìjì ò mọ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́dún àkọ́kọ́, ó ń jẹun lọ́wọ́. Lọ́dún kejì, inú wa ń dùn. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ogún. Mọ́kànlá ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Òkúdù

Màmá ọjọ́ Ìṣẹ́gun padà wá. Mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Òṣùwọ̀n, torí ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun fi yẹ òṣùwọ̀n àwọn ọlọ́jà wò fún ìjọba kí òun tó fẹ̀yìn tì. Mo ní Mà, ọjọ́ méje la sọ. Ó ní òun mọ̀, òun kàn wá wò ó bóyá iṣẹ́ ń lọ ni. Ó gbé bisikíìtì síwájú mi. Ó ní ojú mi jọ ojú ọmọ gidi. Ojú nìkan ló kúkú rí.

Ó ní òun ò ní nǹkan kan sí ọmọbìnrin ọ̀hún. Àmọ́ ọmọ kan ṣoṣo lòun bí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fura séèyàn. "Tí mo bá rí nǹkan tí ò dáa níbẹ̀, mi ò ní jẹ́ kó fẹ́ ẹ. Ẹkún ọjọ́ kan sàn ju ẹkún ojoojúmọ́ lọ."

Ó wá wò mí. "Irú ẹ gan-an ló wù mí. Ṣé o ti lọ́kọ?"

Mo ní mo ti ní àfẹ́sọ́nà, Mà.

"Ó mà ṣe o."

Nígbà tó lọ tán, mo mú páálí mi nínú dúrọ́ọ̀. Mo fi sínú báàgì. Mi ò ní purọ́ fún ìwé yìí: mo fi sínú báàgì, mo sì gbé e wálé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Òkúdù

Páálí wà nínú báàgì. Báàgì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Adìẹ bà lókùn — ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Òkúdù

Mo sọ fún Fíríìjì. Ọ̀rọ̀ eyín nìkan o. Ẹni tó ń wá ìwé mi, àṣírí iṣẹ́ nìyẹn, mi ò lè sọ ọ́.

Ó wò mí. Mo rò pé ó ti parí. Ó ní, "Méje àbí mẹ́jọ?" Mo ní mẹ́jọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní, "Ọdún mẹ́ta o. O ò ráyè sọ ọ́ láti ọdún mẹ́ta?" Ìyẹn dùn mí ju ẹjọ́ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bínú, àmọ́ kí n má jẹ̀ẹ́ kí ìyá òun gbọ́ o. Ìyá òun kì í fojú fo nǹkan.

Mo ní ó dáa.

Ọjọ́ Ajé, 10 Òkúdù

Mo ti dá páálí padà. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni mímọ́. Bàbá kan ló wá láàárọ̀, ó ń wá ìwé tó sọ pé ilé ẹjọ́ dá òun láre, kó lè fi wọṣẹ́ ọdẹ. A wá páálí rẹ̀ fún wákàtí méjì, a ò rí i. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé wọ́n dá òun láre o. Ta ló fẹ́ gbà á gbọ́ láìsí páálí?

Báàgì mi wúwo lápá mi. Mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo dá tèmi padà sáyè rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la rí ti bàbá, ó ti jábọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Òkúdù

Mo kó gbogbo ẹ̀ fún Ọ̀gá Òǹtẹ̀, fọ́ọ̀mù àti ẹjọ́. Ó ní, "Ìyá ọkọ ẹ?" Tíì dà sí i láyà. Nígbà tó nu àyà tán, ó ní òun lòun máa fi páálí wé ìwé, òun lòun máa fọwọ́ sí i, òun náà lòun máa tẹ òǹtẹ̀. Àmọ́ kí n kọ ọ́ fúnra mi, ọwọ́ òun ò ṣeé kà. Ó ní òfin ara ògiri dárúkọ ìwé ẹbí òṣìṣẹ́, kò dárúkọ ìwé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀; àmọ́ tí mo bá fẹ́, òun á fi rán ẹlòmíì. Mo ní rárá.

Mo kọ ọ́. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò yọ nínú ẹ̀. Mo kọ méje.

Ọjọ́bọ̀, 13 Òkúdù

Ìyá Òṣùwọ̀n dé kí a tó ṣílẹ̀kùn. Ó fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Kò ṣí i níwájú mi. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún ẹ ní ìyá ọkọ tó dáa."

Mo ní àmín. Mo lọ sunkún díẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Mo sọ fún wọn pé eruku ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Òkúdù

Fíríìjì ní ìyá òun ò sọ̀rọ̀ láti àná. Ó ń to ìkòkò ilé ìdáná láti orí èyí tó tóbi jù sí èyí tó kéré jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Òkúdù

Kò sí àtíkè, kò sí irun àtọwọ́dá. Mo kan ilẹ̀kùn. Ìyá Òṣùwọ̀n ló ṣí i.

Ó wo ojú mi pẹ́. Lójijì ni ojú tirẹ̀ là. "Akọ̀wé! Ṣé wọ́n ní kó o wá gba àpòòwé yẹn padà ni? Ṣé wọ́n ṣàṣìṣe?" Ó ń wù ú kó jẹ́ àṣìṣe. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Fíríìjì yọ lẹ́yìn rẹ̀. "Màámi, òun nìyẹn. Àpòòwé wo?"

Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Mo ní kì í ṣe àṣìṣe, Mà. Èmi ni mo gé e jẹ. Èmi náà ni mo kọ ọ́.

Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún. Ó béèrè pé láti ọjọ́ tí òun ti mú fọ́ọ̀mù wá, ọwọ́ ta ni páálí yẹn wà. Mo ní ọwọ́ mi. Ṣé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ mi? Mo ní rárá. Torí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sọ ti báàgì fún un pẹ̀lú, pé páálí wá kí mi nílé ní òpin ọ̀sẹ̀. Fíríìjì la ẹnu sílẹ̀.

Ó jókòó. Ó ní nínú ọgbọ̀n ọdún, òun ò tíì rí ẹni tó ń wọn ọjà ara rẹ̀ tí kò fi àtàǹpàkò tẹ òṣùwọ̀n. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Kò ní kí n máa lọ, kò ní kí n máa bọ̀. A jẹun. Ó bu ẹran fún mi, ó kéré. Ó wo àwo mi, ó fi ọ̀kan kún un. Mi ò mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Fíríìjì náà ò mọ̀ ọ́n. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tó ń sìn mí lọ.

Ọjọ́ Ajé, 17 Òkúdù

Ìyá Òṣùwọ̀n wà lórí ìlà. Ẹni kẹrin.

Ó kàn án. Ó na fọ́ọ̀mù sí mi. Orúkọ Fíríìjì. Orúkọ bàbá rẹ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìdí: "Ìyá ọmọbìnrin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo bọ́ ìbòmú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mi ò lè gba èyí. Ọ̀gá mi ni kẹ́ ẹ mú un lọ bá. Òfin ibí ni, òṣìṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìwé ẹbí rẹ̀."

Ó ní òun ò gbọ́, kí n tún un sọ.

Mo ní, "Ẹbí mi, Mà."

Ó gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Mo ti kà á lára ògiri," ló wí. "Ẹnu ẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde." Ó sì lọ tò síwájú wíńdò Ọ̀gá Òǹtẹ̀.