Òpó Ilé Ọ̀tìn

Inísà, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ọkàn mi ò balẹ̀. Bí a ṣe jáde ní ilé ìwé lónìí, mo mú olùkọ́ tuntun tí a jọ ń kọ́ni yà sí ilé òrìṣà Ọ̀tìn, kó lè rí òpó tí wọ́n gbẹ́ ère abiyamọ sí. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ojú ìyá náà tutù, àwọn obìnrin tó wá tọrọ ọmọ sì ti fi osùn ra ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ títí ó fi ń dán.

Èyí tí mo bá níbẹ̀ lónìí ò dán. Òórùn igi tútù ló wà lára rẹ̀.

Bàbá Àjàní, àbúrò bàbá mi tó ń tọ́jú ibẹ̀, ní, "A kàn fọ̀ ọ́ ni." Wọn ò wojú mi. Àwọn àlejò kan wá ya fọ́tò rẹ̀ láìpẹ́ yìí. Àbí Bàbá ti tà á fún wọn ni?

Nígbà tí olùkọ́ náà lọ, mo tẹ̀ lé Bàbá Àjàní délé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni òpó tiwa gan-an wà?"

Wọ́n ṣí yàrá wọn. Òun náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ẹní wé e.

"Ta lẹ wá ń gbé e sá fún?"

"Ìwọ àti ìjọ yín. Pásítọ̀ yín ní kí wọ́n dáná sun irú rẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹ ṣe àmín sí i."

Gbogbo ìjọ ló ṣe é. N ò rántí bóyá ohùn mi wà níbẹ̀.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ láti dágbére, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, bí ẹni pé ìṣáná wà níbẹ̀.